Àtẹ̀gùn tí Theophilus Kọ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Láti ọjọ́ tí Kojo káfíńtà ti fi kàlẹ́ńdà Ṣáínà ta Theophilus bíríkìlà lọ́rẹ lọ́dún 1997, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ilé gogoro kan ní Ṣàǹgháì ló wà nínú àwòrán rẹ̀: ìsọ̀ nísàlẹ̀, ọ́fíìsì láàárín, òtẹ́ẹ̀lì lókè téńté. Bó ń jẹun, á wò ó. Bó ń po sìmẹ́ńtì, ọkàn rẹ̀ á wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí ò kọ́ ju ilé ilẹ̀ lọ rí o.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáàrí lásán ló mú kó fẹ́ kọ́lé lọ sókè. Ẹ̀yìn ìsọ̀ aṣọ wọn ní àdúgbò Sawaba, nílẹ̀ Gánà, ni Màámi Àpínkẹ́, ìyá rẹ̀, ń sùn. Bójò bá rọ̀, omi á wọlé bá a lórí ẹní, ikọ́ á sì gbé e dè. Ẹ̀rù ń ba Theophilus pé òjò ọdún yẹn lè gbé ìyá òun lọ. Ló bá sáré gbé yàrá kan lé orí ilé, ó ṣe àtẹ̀gùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Màámi kọ̀, kò gùn ún.

"Maame, mepa wo kyɛw," Theophilus fi Twi bẹ̀ ẹ́, "òjò ti ṣú. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gòkè?"

Màámi nawọ́ sí kàlẹ́ńdà. "Bí ìjọba bá ní káwọn ará ibí yìí máa lọ, báwo ni wọ́n ṣe máa kẹ́rù sọ̀kalẹ̀?"

"Ta ló fẹ́ lé wọn?"

"Ta ló fẹ́ lé àwa náà, kó tó di 1969?"

Lọ́dún náà, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé, bíi tiwọn, kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò Ashanti New Town ni Màámi àti ọmọ rẹ̀ ń gbé. Èrò dí àtẹ̀gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ibẹ̀ pa. Theophilus ni Màámi pọ̀n sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kù sókè. Nígbà tí wọ́n padà dé láti ìlú wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọn ò bá ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ojú ti Theophilus pé gígòkè nìkan lòun ń rò. Ó mú òòlù, ó wó àtẹ̀gùn ọwọ́ ara rẹ̀.

"Charley, ọ̀rẹ́ mi, ṣé kò sí o?" Kojo bi í.

Èyí tó tún kọ́ fẹ̀ débi pé obìnrin méjì tó rẹrù lè pàdé níbẹ̀ láìfara kan ara wọn. Gbogbo Sawaba fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Màámi gbé ẹrù tó ti dì láti ọjọ́ tí wọ́n ti padà dé, tí kò tú rí, ó rù ú. Ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè. Ìgbà yẹn ló tó ní kí Theophilus bá òun tẹ́ ẹní sí yàrá òkè.