Ilà Ojú Tí Mo Pa Rẹ́

Mo rántí ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń gun àwọn ènìyàn ní Òṣòdì, tí wọ́n ń sọ ní Bọ́ládé pé tálákà nìkan ló kù tó ń ya fọ́tò dúdú àti funfun. Èmi tí mo ń ya fọ́tò jẹun kọ̀, n kò yà á ní aláwọ̀. Ilé-ìwé ìjọ ni mo ti kọ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ pè, mo sì gbà pé iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni Ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo máa ń sọ ọ́ bíi wòlíì. Ẹ ó rí ibi tó já sí.

Ìyá arúgbó kan, ará Ọ̀yọ́ tó ń gbé Ìsọlọ̀, wá ya fọ́tò. Ilà mẹ́ta-mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kó tó padà wá gbà á, ọmọ rẹ̀ agbaṣẹ́ṣe já wọlé.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi yọ ilà yẹn. Àwọn òyìnbó máa ń wá sí pálọ̀ mi.”

“Ojú ìyá yín mà ni, sà.”

“Ṣé mo ní ẹ yọ ojú ni? Ilà ni mo ní! Wọ́n ṣáà ní kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí tó yín.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀yìn pọ̀n! Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Ṣùgbọ́n ìyìn ti wọ̀ mí lára. Mo fi pẹ́ńsù dí ojú ilà náà lórí fíìmù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi dán bí àwo nínú fọ́tò. Mo tilẹ̀ ń kọrin ìjọ sí i.

Ìyá dé, ó wo fọ́tò náà pẹ́.

“Ta nìyí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ó rẹwà. Bá mi kí i.” Ó dá a padà. “Ọjọ́ tí wọ́n kọ ilà fún mi, bàbá mi ló gbé mi mọ́ra, a jọ sunkún ni. Ìwọ ò tiẹ̀ bi mí léèrè.”

Ojú tì mí. Mo fi òwú àti oògùn nu pẹ́ńsù kúrò, mo mú ìyá wọ yàrá òkùnkùn, mo tan iná gba inú fíìmù sórí pépà tuntun, mo rì í bọ omi oògùn níṣojú rẹ̀. Lábẹ́ iná pupa, ilà ló kọ́kọ́ jáde, mẹ́ta, mẹ́ta, lórí pépà funfun, kí ojú tó wá bá wọn.

“Ilé wa nìyẹn,” ni ìyá wí.

Ọmọ rẹ̀ kọ̀, kò gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Mo ti darúgbó báyìí, mo dúpẹ́ pé ojú mi ṣì ń ríran, inú ṣì ń bí mi sí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n òun kì í wo ojú ìyá rẹ̀. Èmi tí mo tẹjú mọ́ ojú náà láti ẹ̀yìn kámẹ́rà títí oòrùn fi yí, tí mo sì tún pa ilà rẹ̀ rẹ́ ńkọ́?