Ohun Tí Ajá Wa Ń Ṣọ́ Lábẹ́ Imọ̀ Àgbọn

Ní Gbẹrẹfu, tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, abẹ́ imọ̀ àgbọn ni bàbá mi máa ń kó ẹja sí bí ó bá ti òkun dé, kí oòrùn má baà bà á jẹ́. Ajá wa ló ń ṣọ́ ọ. Yóò dùbúlẹ̀ tì í, yóò gbé orí lé ẹsẹ̀ iwájú. Kì í gbó. Bí ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ènìyàn bá sún mọ́ ibẹ̀, ètè rẹ̀ ni yóò kàn gbé sókè, eyín á yọ. Bí a bá pè é, kò ní dá wa lóhùn. Àfi bí bàbá mi bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí imọ̀ náà ló tó ń dìde.

Kò sí ẹni tó rántí èyí nínú wa lọ́jọ́ tí bàbá mi bo ìrẹsì mọ́lẹ̀.

Ìjọba ológun ti ti ẹnubodè nígbà náà. Ọṣẹ àti ṣúgà ti di ohun tí à ń tò lórí ìlà fún ní Àgbádárìgì. Ẹni tí wọ́n bá ká ìrẹsì ìlú òkèèrè mọ́ lọ́wọ́, ó bá wọn lọ nìyẹn. Wọ́n ti mú ọkùnrin kan ládùúgbò wa, ìyàwó rẹ̀ kò sì tíì mọ ibi tó wà. Síbẹ̀ bàbá mi gbé ìrẹsì wá láti ọ̀nà Kútọnu, ó gbẹ́ iyanrìn lẹ́yìn ilé, ó bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fa imọ̀ àgbọn lé e lórí.

Ọ̀sán ni àwọn ṣọ́jà dé, nínú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní kí bàbá mi kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, kó gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n tú yàrá, wọ́n tú ibi tí à ń yan ẹja. Ìgbà tí wọ́n jáde sẹ́yìn ilé ni mo rí ajá wa. Ó ti dùbúlẹ̀ ti imọ̀ náà.

Ìyá mi náà rí i. Ó ju orí ẹja sí ọ̀ọ́kán. Ajá dìde, ó gbé orí ẹja, ó gbé e pa dà wá sídìí imọ̀, ó tún dùbúlẹ̀. Ṣọ́jà kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ajá yín yìí mà ti ra ilẹ̀ síbẹ̀ o. Kí ló ń ṣọ́?"

"Ọ̀gá mi, ajá ni. Ibi tó tutù ló ń wá."

"Nínú oòrùn yìí?"

Ṣọ́jà náà sún mọ́ imọ̀, ajá sì gbé ètè sókè.

N kì í sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Bí ẹni tí n kò mọ̀ bá wò mí, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan nípa ajá yẹn: kò fẹ́ kí n wọ omi. Bí omi bá ti mù mí kọjá ìbàdí, yóò fi ohunkóhun tó ń ṣe sílẹ̀, yóò wá fi eyín fa aṣọ mi. N kò mọ̀wẹ̀. Bóyá òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo ń rìn lọ sínú ọ̀sà. Ẹnìkan ní kí n dúró. N kò dúró, mo ń retí ìbọn lẹ́yìn mi. Omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí. N kò gbọ́ ìró ajá. Mo tún lọ síwájú títí omi fi dé àyà mi, tí ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni omi ta sí mi lẹ́yìn. Ajá wa ti dé, ó ń gbó, ó gbá aṣọ ìdí mi mú, ó ń fà á.

Àwọn ṣọ́jà tẹ̀ lé e wá sétí omi, níbi tí ọkọ̀ wọn wà, ọ̀gá wọn sì ti ń pè wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀. Ará Ìbàdàn yẹn béèrè bóyá orí mi pé. Ìyá mi ní kò pé, láti kékeré ni.

"Ọmọ yín ló yẹ kẹ́ ẹ máa so mọ́lẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe ajá."

Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Bàbá mi ṣì wà lórí eékún. Aṣọ ìdí mi ti bọ́ sẹ́nu ajá, n kò lè jáde. Ìyá mi mú aṣọ mìíràn wọ inú omi wá bá mi, ó ní kí n jẹ́ ká máa lọ. Mo ní kó dúró ná, mo ṣì ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì wọn.

Ó ní, "Òkun ni."

N kò gbà á gbọ́.