Aago Tí Bàbá Mi Sún Síwájú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mushin, aago ara ògiri kan ṣoṣo ló wà nílé wa, bàbá mi nìkan ló sì ń fọwọ́ kàn án. Akọ̀wé ni wọ́n ní reluwé. Ẹ̀yin tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí irú bàbá bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá ti húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́.

Lọ́dún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Yaba, ọ̀gá bàbá mi tó jẹ́ òyìnbó sọ fún wọn pé tí ooru bá dé nílùú òun, ìjọba a máa sún aago síwájú ní wákàtí kan, káráyé lè rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá mi gun àga, tí wọ́n yí aago wa. Wọ́n ní màá ráyè kàwé, a ó sì dín kẹrosíìnì kù. Tí mo bá fẹ́ mọ aago tí àwọn ará ìta ń lò, kí n yọ wákàtí kan.

Bàbá Ràmọ́nì, onílé wa, télọ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, bú sẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, ṣé oòrùn náà ti gbọ́ sí i?"

"Bàbá, ayé ti ń lajú."

"Ayé ń lajú! Ojú àwọn ọmọ yìí ò tíì là tẹ́ ẹ ti ń fà wọ́n dìde."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Inú òkùnkùn biribiri la ti ń jí, àtùpà la sì ń tàn kàwé, kẹrosíìnì wá ń tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi ni mo ń nu gíláàsì àtùpà, èéfín rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ mi níka. Nírọ̀lẹ́, aago wa á lu mẹ́jọ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì ń ṣe tẹ́ńtẹ́n lójúde. Orí ẹní ni mo ti ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo dúró bá wọn ṣeré, ìkúnlẹ̀ àti ìnawọ́sókè ni mo fi ṣe oúnjẹ alẹ́. Inú bí mi, mo sì tún ń bẹ̀rù pé bóyá inú tó ń bí mi yẹn ni yóò jẹ́ kí n fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Bí ọkàn mi ṣe rí nìyẹn, àní títí dòní.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ìdánwò. Lọ́jọ́ náà, bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́, èmi sì wà ní balùwẹ̀, nígbà tí àánú mi ṣe màmá mi. Kí nǹkan má baà rú mi lójú, wọ́n yọ́ dá aago padà sí bó ṣe yẹ, wọ́n sì jáde lọ gba búrẹ́dì tí wọ́n ń tà. Wọn ò ronú pé màá tún yọ wákàtí kan. Mo dé, mo wo aago, mo yọ ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Mo rí i pé ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ṣùgbọ́n aago ni wọ́n ní kí n gbà gbọ́. Mo jókòó, mo ń fi àkàrà mu ògì díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Ràmọ́nì yọjú. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí o ní aago mẹ́jọ ni ìdánwò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ku wákàtí kan ààbọ̀."

"Ta ló parọ́ fún ẹ? Oòrùn ti gun orí páànù! Bọ́ síta!"

Wọ́n ju téèpù ọrùn wọn sílẹ̀, wọ́n gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nígbà tá a fi máa dé Yaba, olùkọ́ kan ti ń ti ilẹ̀kùn. Mo ti ẹsẹ̀ bọ àárín ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti dé." Olùkọ́ náà wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo yege.

Nígbà tí màmá mi jẹ́wọ́, bàbá mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọn ò sún aago náà mọ́.

Láyé ìgbà yẹn, bí bàbá bá yí aago, gbogbo ilé á yí tẹ̀ lé e. Ọmọdé ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Lónìí tí mo ti gboyè, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ń jiyàn ní ọ́fíìsì wa bóyá ká máa sún aago síwájú bíi ti òyìnbó. Wọ́n gbé ìwé kiri kí kálukú sọ èrò rẹ̀. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó ṣáájú mi ló kọ "Bẹ́ẹ̀ ni". Mo kọ "Rárá", mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì dá ìwé náà padà fún ọ̀gá.