Bí Mo Ṣe Kí Ẹ̀gbọ́n Àfẹ́sọ́nà Mi Létí Òkun

Ẹni tó bá rí fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ yẹn, tí mo wọ ṣòkòtò péńpé funfun, tí òkun tẹ́ lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn mi, á rò pé mo lọ jayé ni. Irọ́ ni. Ìjà ni mo gbé wọ ọkọ̀ ojú omi, ìjà náà ni mo gbé sọ̀kalẹ̀.

Iṣẹ́ táìlì ni mo ń ṣe. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ibafo ni mo háyà yàrá sí, ibẹ̀ náà ni mo ti pàdé ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya. Ó ń ránṣọ ní Mowe. Bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wà nípò bàbá. Nínú ẹ̀sìn wa, òun ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó so yìgì fún wa. Àlùfáà mọ́sálásí wa ti yan Sátidé kan fún wa lẹ́yìn Iléyá. Ohun tó kù ò ju kí ẹ̀gbọ́n yìí sọ pé òun gbà. Kò sì fẹ́ sọ ọ́.

Ajuwọn ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń yọ búlọ́ọ̀kù tà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ kí i, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ lò ń tẹ́ táìlì sílé gbogbo ayé? Ilé tìẹ ńkọ́?"

Mo ní mo ṣì ń háyà.

Ó ní, "Á jẹ́ pé orí sìmẹ́ńtì lásán ni àbúrò mi ń lọ sùn nìyẹn."

Àwọn tó ń po yanrìn fún un rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo dì í sínú.

Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà mi pé òun ti háyà ọkọ̀ ojú omi, òun fẹ́ gbé àwọn ẹni ńlá kan lọ ṣe fàájì ọjọ́ kan létíkun, lódìkejì ọ̀sà Èkó. Àwọn tó ń kọ́ ẹ́síteètì tuntun sí ọ̀nà Ọ̀fàdà ni, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa ra búlọ́ọ̀kù òun. Ó ní kó mú mi dání, kí òun lè wò mí dáadáa.

Inú àfẹ́sọ́nà mi dùn. "Ṣáà ti fara balẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo yìí," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ò burú, ẹnu wọn ló le."

Ìdájí ló ti jí se ìrẹsì Ọ̀fàdà sínú kúlà, ata rẹ̀ lọ́tọ̀. Èmi ni mo gbé kúlà náà dé etí omi níbi tí a ti fẹ́ wọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti dúró síbẹ̀, ó wọ gíláàsì dúdú. Nítorí ẹrù ọwọ́ mi, mo kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ilẹ̀. "Kí lò ń wá nílẹ̀? Ṣé kọ́kọ́rọ́ ẹ já bọ́ ni?"

"Ẹ má bínú sà, ẹrù ló wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹrù ló bí ẹ ni?" Ó na ìka sí mi lójú. "Ìgbà míì tó o bá máa kí mi lónìí yìí, kí àyà ẹ kan ilẹ̀. A kì í fọmọ fún ẹni tẹ́yìn ẹ̀ ò ṣeé tẹ̀."

Mo ní ó ti yé mi sà. Ó yé mi lóòótọ́.

Nínú ọkọ̀, wọ́n dè wá mọ́ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tó ṣì tutù. Àwọn ẹni ńlá jókòó síwájú. Ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń pariwo tómi sì ń ta séèyàn lójú, ni wọ́n fi àwa méjèèjì sí. Mo ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń sọ gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀.

Ibi tí a dé rẹwà, mi ò ní purọ́. Agbòòrùn funfun tò lọ bí ẹyẹ lékeléke, àga tí èèyàn lè sùn lé wà lábẹ́ wọn, wọ́n ń fi ẹṣin gbé àwọn ọmọ olówó kiri létí omi. Àfẹ́sọ́nà mi wo aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lára obìnrin kan, ó ní àjákù tó wà nídìí ẹ̀rọ òun á rán mẹ́ta irú ẹ̀, á tún ṣẹ́kù. Ìyẹn nìkan la fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ní géètì, ẹ̀ṣọ́ ní oúnjẹ ìta ò gbọdọ̀ wọlé. Ó ṣí kúlà, irú tó wà nínú ata náà gbá a nímú, ó sún sẹ́yìn. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lèyí? Ṣé ẹ fẹ́ lé kọ́sítọ́mà wa lọ ni?"

Àfẹ́sọ́nà mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló mú wa wá. Àwọn nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n ń kọjá lọ pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀ nígbà náà gan-an. Ẹ̀ṣọ́ bi í pé, "Alájì, ṣé ẹ mọ àwọn wọ̀nyí?" Ó gbójú kúrò lára wa, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Inú oòrùn la fi kúlà sí.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká wọlé tán, a jókòó sórí yanrìn. Ọmọkùnrin kan tó ń gbowó àga wá bá wa, ó ní ká sún, pé a ń dí àwọn tó sanwó lójú, wọn ò rí òkun. Òkun tó gbòòrò tó yẹn! A sún. Ó tún padà wá. Ìgbà tó ní ká sún lẹ́ẹ̀kejì ni mo dìde.

Àfẹ́sọ́nà mi di etí ṣòkòtò mi mú. "Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ."

"O ti kí wọn láàárọ̀."

"Wọn ò gbà á."

Ó wo ojú mi. "Jókòó," ó ní. Mi ò jókòó.

Ẹ̀gbọ́n wà lábẹ́ agbòòrùn láàárín àwọn àlejò rẹ̀. Ó ti bọ́ ẹ̀wù, ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ ló kù lára ẹ̀, ikùn rẹ̀ wà níta. Mo rìn débẹ̀, mo da ara mi délẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Yanrìn gbóná bí ààrò. Mo fi gbogbo ohùn mi kígbe: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú jókòó sà! Ẹ kú ìgbádùn sà! Ọlọ́run á dá yín sí fún wa!"

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò fò sókè. "Háà, Alájì! A ò mọ̀ pé kábíyèsí là ń bá jókòó o!"

Ẹ̀rín bú. Ẹ̀gbọ́n ní, "Dìde, dìde, ó ti tó."

Mo gbórí sókè. "Ṣé àyà mi ti kan ilẹ̀ báyìí sà?"

Obìnrin kan nínú wọn ń tú báàgì rẹ̀ wá fóònù. "Dákun, tún un ṣe," ó ní. "Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́."

Mo lè wí àwíjàre fún ti àkọ́kọ́. Òun ló ní kí àyà mi kan ilẹ̀, mo sì ṣe é. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo gbọn yanrìn dànù, mo dúró de obìnrin náà títí tó fi gbé fóònù sípò, mo sì tún wólẹ̀. Kí n tó wólẹ̀, mo wo ojú ẹ̀gbọ́n. Ó fa táwẹ̀lì, ó fi bo ikùn rẹ̀. Mo rí i pé ojú ń tì í, inú mi sì dùn.

Àwọn tó wà lábẹ́ agbòòrùn tó kù ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe pé, "Àwọn ará oko ti dé o!" Ọ̀rọ̀ yẹn ò bá èmi nìkan. Ó bá ẹ̀gbọ́n, ó sì bá àbúrò rẹ̀ tó ti sáré débẹ̀, tó dúró lẹ́yìn mi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó wá bá wa. Ó ti wọ ẹ̀wù padà.

"Ẹ̀yin lẹ ní—" mo bẹ̀rẹ̀.

"Pa ẹnu ẹ dé. Láàárọ̀ àwọn èèyàn yẹn ń bi mí léèrè búlọ́ọ̀kù. Ní báyìí, wọ́n ń bi mí pé adé mi dà." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Bó o bá fẹ́, kó o lọ so yìgì pẹ̀lú ẹ̀. Kò ní ṣojú mi."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sínú yanrìn tómi ti rin. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ti bàbá wa." Ẹ̀gbọ́n ti lọ.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, kò sẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀. Níwájú ọkọ̀, obìnrin yẹn ń fi fídíò náà han àwọn yòókù, ó ń tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi: ẹ kú ìgbádùn sà, ẹ kú ìgbádùn sà. Ẹ̀gbọ́n kọjú sómi.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọ mọ́tò rẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo ní kí àfẹ́sọ́nà mi ṣàlàyé fún un pé èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ṣé o rò pé kò dùn mí nígbà tí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí ní géètì? Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ nígbà tó o dìde lẹ́ẹ̀kejì. Ò ń rẹ́rìn-ín. Tínú bá bí ẹ sí èmi náà lọ́jọ́ kan, kí lo máa fojú mi rí?"

Ẹ̀gbọ́n fun fèrè mọ́tò. Àfẹ́sọ́nà mi lọ wọ inú mọ́tò.

Mo lọ sí Ajuwọn lẹ́yìn náà láti bẹ ẹ̀gbọ́n. Wọn ò ṣí géètì. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Mowe, àfẹ́sọ́nà mi ní kí n jẹ́ kí òun rò ó. Bó ṣe ku ọ̀sẹ̀ kan sí Sátidé wa, àlùfáà pè mí sórí fóònù níbi tí mo ti ń tẹ́ táìlì nínú ilé kan ní ẹ́síteètì OPIC. Ó ní ẹlòmíràn ń tọrọ ọjọ́ yẹn, pé ṣé ẹ̀gbọ́n ìyàwó ti gbà, kí òun má baà gbé e fún wọn?

Mo ní kò tíì gbà. Ó ní ṣé kí òun ṣì dì í mú fún wa. Mo ní kó gbé ọjọ́ náà fún wọn.