Ibi Tó Fún Nínú Iṣan Ọkàn Bàbá Mi

Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níwájú ọkàn bàbá mi ti fún, pé kí wọ́n ti irin oníhò wẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ kó lè là. Ó sọ ọ́ wéré, bí ẹni tó ní ká pààrọ̀ táyà. Ìyẹn gan-an ló mú mi fura. Láti ìgbà tí àyà ti ń há bàbá mi lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Surulere ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí nípa ọkàn, mo sì ti mọ̀ pé fífún yàtọ̀ sí dídí. Iṣan lè fún lójú àwòrán, kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa kọjá dáadáa. Kọ̀ǹpútà wà tó ń fi àwòrán síkáànù ṣírò agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn. Bí agbára ẹ̀yìn ibi tó fún bá ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ti iwájú lọ, irin kì í sábà pọn dandan.

Mo gba àwòrán náà sórí sídì, mo sì wò ó nílé. Etí iṣan náà rí méjì-méjì, bíi fọ́tò ẹni tó mira nígbà tí wọ́n ń yà á. Ta ni wọ́n fẹ́ fi èyí tàn?

Lọ́jọ́ kejì, mo mú bàbá mi padà sí ibi tí wọ́n ti ya àwòrán ní Yaba. Mo ní àwòrán wọn ò mọ́. Obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ò bínú.

"Ọkàn Bàbá ló ń sáré, ẹ̀gbọ́n. A fún wọn lóògùn tó ń dẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Bàbá, ṣé ẹ ò mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

"Tíì kẹ̀? Ẹ ní n má mu tíì, ẹ ní n má mu kọfí. N ò mu nǹkan kan."

Mo wo eyín bàbá mi, ó pọ́n. "Ẹ ò mu. Kí lẹ jẹ?"

"Obì lásán ni. Láti kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń jẹ ẹ́. Ta ló bi mí léèrè obì?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Bàbá, ohun tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì o!"

Nígbà tí wọ́n máa tún un yà, mo ti tú gbogbo àpò agbádá bàbá mi wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bóyá obì wà níbẹ̀.

"Ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?" ni bàbá mi ń wí.

Àwọn ará Yaba fi àwòrán tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò náà. Ìfura mi ò tíì lọ: bó bá jẹ́ ohun tí dókítà fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa sọ ńkọ́? Nígbà tí èsì dé, àwòrán ni mo kọ́kọ́ ṣí. Etí iṣan náà mọ́ rekete. Ibi tó fún ṣì wà níbẹ̀. Agbára ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ò sì tó ìdá méje nínú mẹ́wàá ti iwájú. Mo yí àwòrán náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mò ń wá àbùkù. N ò rí.

Bàbá mi ti jókòó tì mí, wọ́n tẹjú mọ́ iṣan ara wọn.

"Ṣé o ti rí ohun tí o máa fi bá dókítà jà?"

"Rárá, Bàbá."

"Pè é, kí ó mú ọjọ́. Mo fẹ́ máa gun àtẹ̀gùn ilé mi."