Mo Dárúkọ Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Lónìí

N ò mọ bí mo ṣe máa wọlé ọkọ mi lónìí.

Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn obìnrin méjìlá níbi iṣẹ́ gàrí tuntun tó dé sí Ìrókò. Ọ̀gá tó wá láti Ìbàdàn ní kí n máa pe orúkọ láràárọ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló wà lókè ìwé. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n ò dárúkọ wọn rí. Mo bá pe “Adúmáadán” bí mo ṣe máa ń pè wọ́n nílé. Wọ́n dáhùn.

Ọ̀gá ní, “Ìyá, kò sí Adúmáadán níbí. Ẹ pe ohun tó wà nínú ìwé, àbí kí n fagi lé e.”

Mo ṣírò ó. Bí mi ò bá pè é, iṣẹ́ wọn lọ. Bí mo bá pè é, ilé á gbóná fún mi.

“Rábíátù Àjọkẹ́.”

Mo kúnlẹ̀ tòun ti ìwé lọ́wọ́.

Wọ́n ní, “Mo wà ńbí, ìyàwó. Dìde, olórí iṣẹ́ kì í kúnlẹ̀. Tá a bá délé, wàá tún orúkọ yẹn pè lójú ọkọ rẹ.”

Wọ́n ti ṣíwájú mi lọ sílé báyìí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí lẹ bá ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn, torí mo tún máa pè é láàárọ̀ ọ̀la.