Pẹrẹgún Abẹ́ Máńgòrò

Ibùdó rélùwéè Ọ̀fà, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé lẹ́yìn òmìnira, ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ń fi ewéko ṣe ọgbà yí òdòdó ká. Níwájú ilé àwọn ọ̀gá wa, ọgbà náà kò ga ju orúnkún lọ, wọ́n sì máa ń gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ó wù mí. Mo ní dandan ni kí irú rẹ̀ wà nílé wa. Fáàrí pọ̀ lára mi nígbà náà.

Abẹ́ òjìji ni iwájú ilé wa. Igi máńgòrò tí bàbá mi gbìn kí ó tó kú ló bo ibẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà mi títí dé ẹnu ọ̀nà àbúrò rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré. Òun ló tọ́ mi dàgbà.

Mo kọ́kọ́ gbin òdòdó pupa tí mo gé níbi iṣẹ́. Kò rí oòrùn, ó kú. Mo gbin làpálàpá. Ìyẹn yè, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń nà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè. Ìyá mi ní òun kò rí ẹni tó ń bomi rin ohun tí kò ní jẹ rí.

Níkẹyìn, mo rántí pẹrẹgún. Òjìji kò dí i lọ́wọ́, bí a bá sì ń gé orí rẹ̀, kò ní ga. Mo gé e wá láti oko wa lọ́nà Ojoku, mo gbìn ín ní ìlà gbọọrọ láàárín ilé méjèèjì. Pẹrẹgún ni wọ́n fi ń pààlà ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, láti kékeré ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, òdòdó nìkan ló wà lọ́kàn mi.

Bàbá Kékeré ti mọ́ṣáláṣí dé, ó dúró síwájú ìlà náà.

“Ta ló gbìn ín?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ṣé a ti pín ilẹ̀ ni?”

“Rárá, Bàbá. Ọgbà òdòdó lásán ni.”

Ó ní ó dáa. Kò bínú, ìbínú ì bá sì sàn fún mi.

Mo hú gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, kí n dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń wọ bàtà iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Kékeré, tó máa ń wọ yàrá mi wá jí mi, dúró sí ìta, tó ní, “Àgò onílé o.” Ó dùn mí wọnú egungun. Títí ó fi kú, kò wọlé mi mọ́ àfi bí mo bá dá a lóhùn.